Bí Kò-mì Ṣe Di Búṣìn Mọ́tò Rẹ̀

Kò-mì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀rẹ́ mi, nítorí tábìlì tó bá kàn kì í mì. Káfíńtà gidi ni, alágídí gidi sì ni. Tó bá ti ní òun á ṣe nǹkan fúnra òun, ẹ yáa kúrò lọ́nà.

Lọ́dún kan, ẹ̀yìn ń dun ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Kò-mì ń fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn, èmi náà a sì bá wọn lọ, torí ó ń gba ẹni méjì kí obìnrin náà tó lè sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ búṣìn mọ́tò ti jẹ tán, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí irin ẹsẹ̀ mọ́tò máa gbá ara wọn. Bí a bá ti bọ́ sí kòtò, á dún gbàù, ìyàwó á sì ké. Nígbà tó yá, ó ní òun ò lọ mọ́.

"Bàbá wọn, ohun tí dókítà bá tún ṣe, mọ́tò yín á ti bà á jẹ́ ká tó délé."

Ọ̀rọ̀ náà dun Kò-mì wọra. Lọ́jọ́ Sátidé, ó fi jáàkì gbé mọ́tò sókè nínú ọgbà ilé rẹ̀. Mo ní ká pe mẹkáníìkì, ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú. Irin tó fi ń fún pákó pọ̀ ló fi tẹ búṣìn àtijọ́ jáde, tó sì fi tẹ tuntun wọlé. Ó wá di gbogbo bóòtù pinpin kó tó sọ mọ́tò kalẹ̀. Bó ṣe máa ń kan àga nìyẹn: á dì í tán pátápátá kó tó gbé e nàró.

Oṣù kan la fi lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, gbàù! Omi bọ́ lójú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí a délé, Kò-mì jókòó ti táyà, ojú ń tì í. Mo ti fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìyàwó rẹ̀ rọra jáde wá, ó bi í bó ṣe ṣe é. Ó ṣàlàyé.

"Ṣé òkè ni mọ́tò wà tẹ́ ẹ fi dì í? Ẹ gbọ́ ná. Tí mo bá rán apá aṣọ mọ́ ẹni tó nawọ́ sókè, tó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, ṣé kò ní lọ́ lábíyá? Rọ́bà yẹn ti lọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti sọ mọ́tò kalẹ̀. Ó ti ya nìyẹn."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àmọ́ Kò-mì kì í sábà yá ọgbọ́n ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó yá a. Ó ra òmíràn, ó fi bóòtù há a díẹ̀, ó gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé pákó nínípọn, kí ìwúwo mọ́tò lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó wá wọ abẹ́ rẹ̀.

"Ìyá wọn, ṣé kí n dì í wàyí?"

"Ẹ dì í."

Ní Ìṣẹ́gun, a gba gbogbo kòtò kọjá, n ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. A dé ilé ìwòsàn, mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn, Kò-mì di ọwọ́ mi mú. Nọ́ọ̀sì ti ń pè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Kò-mì yọrí jáde lójú fèrèsé, ó rọra sọ̀rọ̀:

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ mú ẹni tó kàn. Ìyàwó mi ń sùn. Ó ti pẹ́ tó ti rí irú oorun báyìí sùn gbẹ̀yìn."