Kẹ̀kẹ́ Eléyín Méjìdínlọ́gbọ̀n

Láti ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olúwalóṣèyí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọkọ̀ ìṣeré àtijọ́ onírìmóòtù ló ń tún ṣe nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Àgídìngbì. Kì í ṣe àwọn tòde òní. Àwọn tó jáde ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni, tí táyà wọn tóbi, tí wọ́n sì lè sáré nínú iyanrìn. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀yà ara wọn mọ́, nítorí náà inú àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó ti kú ni Tíṣà, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é, ti ń wá a.

Èyí tó wà lórí tábìlì rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn jẹ́ ti Stella, obìnrin kan tó ń gbé ní Omole. Bàbá rẹ̀ ló rà á fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá náà ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé lọ́jọ́ Àìkú, Stella sì fẹ́ kó rí ọkọ̀ náà bó ṣe ń sáré. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Àwọn kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín kan, méjì péré, ló ń yí táyà ẹ̀yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bákan náà ni wọ́n sì rí. Tọ̀tún ti fọ́. Tòsì ṣì le dáadáa.

Ní Computer Village, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ kì í dá ẹni tí kò mú sáńpù wá lóhùn. O lè ya àwòrán, o lè kọ ìwọ̀n sínú ìwé. Wọn yóò ní kí o lọ mú sáńpù wá. Èyí tó fọ́ kò ṣeé lò, torí eyín rẹ̀ kò pé mọ́. Ni Tíṣà bá yọ tòsì. Ó fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ gbogbo gírísì ara rẹ̀ títí ó fi funfun, ó wé e sínú áńkáṣíìfù, ó sì mú un lọ bá Suara láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Suara, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń tú òkú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tà ní òpópó Òtígbà níbẹ̀. Báàfù ńlá kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ eléyín kún dẹ́nu.

"Bàbá Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ tún ti gbé mọ́tò ọmọdé yín dé."

"Gba sáńpù. Eyín méjìdínlọ́gbọ̀n. Bá mi wá èkejì ẹ̀."

Suara gbà á, ó gbé e sójú. Fóònù rẹ̀ dún. Oníbàárà kan ni láti Agége. Bí ó ti ń dá a lóhùn, ó ju kẹ̀kẹ́ náà sínú báàfù, bó ṣe máa ń ju gbogbo ohun tó jọ ọ́ láti ogún ọdún, ó sì fọwọ́ rò ó kiri.

"Suara," ni Tíṣà wí jẹ́ẹ́. "Sáńpù mi dà?"

Suara wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo báàfù. "Àsìtágífírúláì!"

Tíṣà tẹ̀ síwájú, ó wo inú báàfù náà. Ohun ẹlòmíràn ni. Bí kò bá rí i, òun fúnra rẹ̀ ló yọ èyí tó dára nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tó sì lọ sọ ọ́ nù.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣùgbọ́n ta ló ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́? Ká ní gírísì wà lára ẹ̀ ni, ǹ bá ti rí i. Funfun ni gbogbo tèmi náà."

"Mi ò lè mú ìdọ̀tí wá bá èèyàn."

"Ní Òtígbà yìí?"

Wọ́n da báàfù sórí àpò. Tíṣà yọ kẹ̀kẹ́ tó fọ́ nínú báàgì rẹ̀, ó sì gé ihò róbótó sára páálí ní ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó bá gba ihò náà kọjá láìṣẹ́ àyè kù, wọ́n á yà á sọ́tọ̀ fún kíkà. Kaothar, tó ń ta ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, yọjú.

"Ẹ̀wà lẹ ń ṣà ni?"

"Wá bá wa ṣà á," ni Suara wí.

"Èyí tí kò ní jinná láéláé? Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Nígbà tí Suara kírun Àílà tán tó sì padà, mẹ́tàlá ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀. Tíṣà ń kà wọ́n, ó ń fi bírò sàmì sí eyín àkọ́kọ́ kó má baà ṣì í kà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó tún un kà, bákan náà ni. Ìkẹjọ ló jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó yọ ọ̀pá irin tí kẹ̀kẹ́ náà ń jókòó lé jáde nínú báàgì, ó sì ki kẹ̀kẹ́ bọ̀ ọ́. Ó wọlé láìfipá. Tíṣà mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun, sáńpù mi rèé. Jẹ́ n máa lọ."

"Ẹ ò ní lọ lọ́wọ́ òfo," ni Suara wí. Ojú ṣì ń tì í. Ó fà márùn-ún tó kù sọ́dọ̀, ó ń kà wọ́n sókè bí ọmọ iléèwé. Ó dé orí ìkẹrin, ó tún un kà, ó sì nà án sí Tíṣà. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Òun náà wọ ọ̀pá irin.

Wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí páálí.

"Èwo ni tiyín?"

Tíṣà nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn. "Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ orúkọ sára súkúrù!"

"Mi ò mọ̀, Suara," ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Di méjèèjì fún mi."

Nígbà tó délé, kó tó jẹun, ó fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó fi ọ̀kan sósì. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá pe Stella pé kí bàbá rẹ̀ máa bọ̀.