Ọta Ìbọn Tí Wọ́n Kọ̀ Láti Tà fún Mi

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ káńtà ilé ìtajà ńlá tí mo ti máa ń ra ọta ìbọn kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ ra ọta ìbọn kò ní rà ju páálí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ayìnbọn rẹ̀, yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ tí ọlọ́pàá ti fún un. Wọ́n ní nítorí ààbò ará ìlú ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi débi pé mo jáde láì ra nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń ka èyí á fẹ́ béèrè ohun tí obìnrin Ìjẹ̀bú, nọ́ọ̀sì, tó ń gbé ní Thamesmead, àdúgbò tí àwa èèyàn dúdú pọ̀ sí nílùú òyìnbó, ń fi ìbọn ṣe. Ọkọ mi ti béèrè ṣáájú yín. Ọdẹ ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń fi òróró nu ìbọn wọn, èmi ni mo máa ń wọn ẹ̀tù sínú àpò wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n kọ́ ní yínyìn. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n kọ́ èmi náà. Wọ́n ní, "Ilé ọkọ lò ń lọ. Kí lo fẹ́ fi ìbọn ṣe níbẹ̀?" Mi ò lè bá bàbá mi jiyàn. Mo gbé e mì, ó sì wà nínú mi bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bàbá òyìnbó kan wà tó jẹ́ pọ́tà, òun ló máa ń ti bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Lọ́jọ́ kan mo sọ ìtàn bàbá mi fún un. Ó ní òun wà nínú ẹgbẹ́ kan tó máa ń yìnbọn ní Kent, ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e. Pápá gbalasa ni. Wọn kì í pa ẹran, wọn kì í pa ẹyẹ. Ẹ̀rọ kan ló ń ju àwo amọ̀ kékeré sókè, ẹ ó sì fi ìbọn fọ́ ọ kó tó balẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tí mo yìnbọn sí ló fọ́ yángá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi.

Kò rọrùn kí èèyàn tó ní ìbọn nílùú yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́pàá wá sílé wa. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà mi bóyá orí mi pé. Wọ́n mi àpótí irin tí mo fẹ́ máa ti ìbọn náà mọ́, wọ́n wò ó bóyá ìdè rẹ̀ wọ inú ògiri dáadáa. Wọ́n mú ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n bi í bóyá a máa ń jà. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó ní òun ò rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí òun wá tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn òbí mi.

Ìdí nìyẹn tí ìwé orí káńtà yẹn fi bí mi nínú. Ìjọba ti yẹ̀ mí wò tinú tòde, ó ní mo yẹ. Oníṣòwò tó ń ta àgọ́ àti bàtà òjò wá ní òun ṣì fẹ́ mọ̀ bóyá mo yẹ.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́. Ẹ̀ka tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara pa wá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ lára ẹni tí ọta wọ inú rẹ̀ rí, mo sì ti dúró ti ìyá kan tó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọmọ òun ṣì ń mí. Mo mọ ohun tí ìbọn ń ṣe. Ká ní ilé ìtajà náà sọ pé òun ò ta ọta fún ẹnikẹ́ni mọ́, ǹ bá kùn díẹ̀, ǹ bá sì gbà.

Àwọn ará ẹgbẹ́ wa ò rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo ka ìwé orí káńtà náà, gbogbo wa pé jọ sínú ahéré onípákó tó wà ní pápá náà, inú ń bí wọn burúkú. Èmi nìkan ni èèyàn dúdú níbẹ̀, mo sì ti ń bá wọn bọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Bàbá pọ́tà ló pariwo jù. Ó lu tábìlì, ó ní, "Ẹnì kan ló ṣẹ̀ níbì kan, gbogbo wa ni wọ́n wá ń nà lẹ́gba. Wọ́n ti sọ wá di ọ̀daràn."

Èmi náà dìde. Mo ní ọlọ́pàá ti yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi wò, mi ò sì mọ ohun tó tún kù tí mo fẹ́ fi han ẹni tó ń ta ọjà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. A wá fẹnu kò pé lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa á jọ lọ síbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ á fún oníkálukú ní lẹ́tà tí wọ́n ń béèrè. A ó ra páálí méjì-méjì, a ó sì fi ìwé ẹ̀hónú lé wọn lọ́wọ́. Èmi ni ẹni kẹta tó fọwọ́ sí ìwé náà.

Nígbà tí Sátidé dé, bàbá pọ́tà fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi. A tò sí káńtà, bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òun ló wà níwájú mi. Ọkùnrin tó ń tajà kí i, ó bi í nípa orúnkún rẹ̀, ó sì kó páálí mẹ́rin fún un. Mẹ́rin o. Kò béèrè lẹ́tà. Bàbá náà yí ojú padà sí mi, ó ṣẹ́jú, bí ẹni pé ká jọ rẹ́rìn-ín òfin tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ó wá kàn mí. Mo kó ìwé àṣẹ àti lẹ́tà sílẹ̀, mo ní mo fẹ́ páálí méjì.

Ọkùnrin náà wo ìwé, ó wo ojú mi. "Ṣé ìwọ lo ni í?"

"Àwòrán mi ló wà lára rẹ̀ yẹn."

"Ta ló máa lo ọta yìí?"

"Èmi ni."

Ó ní kí n dúró, ó lọ pe máníjà. Obìnrin ni máníjà náà, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ka lẹ́tà mi níwájú, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dé ibi àdírẹ́sì. "Thamesmead," ó pè é bí ẹni ń pe orúkọ àìsàn. Ó wá gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lọ́mọ ọkùnrin nílé?"

Mo ní obìnrin méjì ni mo bí. Mo ní kí ló kan ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àwọn ọmọkùnrin dúdú tó ń fi ìbọn jà ló ní lọ́kàn.

Ó ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan. A kàn ní láti ṣọ́ra ni. A láṣẹ láti má tajà fún ẹni tí ọkàn wa ò bá balẹ̀ sí. A ò ní lè tà fún yín lónìí."

Mo yí padà wo àwọn tó wà lẹ́yìn mi. Lẹ́tà kan náà ló wà lọ́wọ́ gbogbo wa, akọ̀wé kan náà ló kọ ọ́, lọ́jọ́ kan náà. Mo dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ń ka iye tí wọ́n kọ sára bàtà. Òmíràn ń tẹ fóònù. Bàbá pọ́tà, tòun ti páálí mẹ́rin nínú báàgì, sún mọ́ mi, ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ. Ilé ìtajà wọn ni. Má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ míì."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Mo kó ìwé mi. Mi ò pariwo, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa pe ariwo mi. Mo ní, "Lọ́jọ́ Sunday, ẹ ní kò yẹ kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan jẹ ẹlòmíràn níyà. Ẹ bá mi wá ẹni tí mo ń ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ báyìí."

Akọ̀wé rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìwé ẹ̀hónú tí orúkọ mi wà nínú rẹ̀ sórí káńtà. Lẹ́yìn náà ló ra páálí méjì tirẹ̀.

Níta, bàbá pọ́tà ṣí báàgì rẹ̀. "Mú méjì nínú tèmi."

Mo ní, "Ṣé ọta lẹ rò pé ó ń dùn mí?" Mi ò wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà. Mo wọ tíréènì méjì kí n tó dé Abbey Wood, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó sún mọ́ àdúgbò wa, níbi tí wọ́n ṣì ti ń gbẹ́lẹ̀ kiri nígbà náà fún ojú irin tuntun, mo sì wọ bọ́ọ̀sì. Mo bọ́ọ́lẹ̀ ní Birchmere, ọgbà ìgbafẹ́ kan nítòsí ilé wa, mo yí adágún omi ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, torí mi ò fẹ́ gbé ìbínú yẹn wọlé bá àwọn ọmọ mi. Arábìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa kí mi, "Auntie, ẹ kú ìrìn o." Mo dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn mi le, mo rí i lójú rẹ̀.

Mo rò pé ọkọ mi á ní òun ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí n tún ibi ọ̀rọ̀ ọmọ ọkùnrin yẹn sọ, mo tún un sọ. Ó wá ní, "Lọ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kó tó tutù. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni kó o kọ ọ́."

Mo kọ ọ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Wọ́n ní ó dùn wọ́n pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lára mi. Wọn ò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Wọ́n fi káàdì ẹ̀bùn sínú rẹ̀, wọ́n ní mo lè fi ra ohunkóhun nínú ilé ìtajà wọn, àfi ọta ìbọn. Mo gé káàdì náà sí wẹ́wẹ́ níṣojú àwọn ọmọ mi, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Mo padà sí ẹgbẹ́ náà, torí mo ti sanwó ọdún, n kò sì ní jẹ́ kí ìtìjú tí kì í ṣe tèmi lé mi kúrò. Mo ní kí akọ̀wé ka lẹ́tà tí mo kọ sí ilé ìtajà náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìpàdé. Ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi òṣèlú. Nígbà tí ọdún parí, mo bọ́ sí ẹgbẹ́ míì tó jìnnà díẹ̀ sí i. Ìyá àgbẹ̀ kan ló ni pápá wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ta ọta. Á wo ìwé àṣẹ mi, á béèrè iye tí mo fẹ́.

Bàbá pọ́tà bá mi ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan. Ó ní òun ò mọ ohun tó yẹ kí òun sọ lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní, "Nígbà tó jẹ́ tiyín, ẹ mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ lu tábìlì."

Ó sọ orí kọ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó mú ìwé kan wá hàn mí. Ó ti kọ̀wé sí ilé ìtajà náà, pé òun ra páálí mẹ́rin láì mú lẹ́tà jáde, àti pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ̀ láti ta méjì fún mi tèmi ti lẹ́tà lọ́wọ́. Mo kà á tán, mo dá a padà fún un. Mo ní ó ṣeun, mo ní ó pẹ́. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, a máa ń kí ara wa, a sì máa ń jọ gbé aláìsàn bí iṣẹ́ bá dé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.