Àmọ̀kẹ́ àti Ẹ̀jẹ̀ Akàn

Bẹ́ẹ̀ ni, Àmọ̀kẹ́ yẹn náà ni, tó ń ta akàn létí omi Òjó, tí ilé ẹ̀ wà ní Ìba. Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi í ní ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ akàn, ẹ yáa wá àga, torí kò ní tètè tán.

Ní 1994 ni Ọláídé, ọmọ yunifásítì kan tó gba yàrá ní Òkokomáìkò, bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a. Kò fẹ́ ẹran akàn, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló fẹ́. Ó kọ́ Àmọ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe ń gé ṣóńṣó ẹsẹ̀ akàn tó wà láàyè, kí ẹ̀jẹ̀ máa kán sínú ìgò kékeré. Kì í pupa o. Bí omi ìrẹsì ló ń rí, tó bá pẹ́ díẹ̀ á wá ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Fàúsátù tó ń ta edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sọ ọ́ ní Dókítà Alákàn, ó ní kó bá òun wo ibà tó ń ṣe edé òun.

Àmọ̀kẹ́ ń gé ẹsẹ̀ akàn ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ló fẹ́ mọ̀. Ó yọ Ọláídé lẹ́nu títí ọmọ yẹn fi gbé ẹ̀jẹ̀ èèyàn wá láti yunifásítì nínú fláàsì oníyìnyín. Ó kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó kán ti akàn sí i. Kò pẹ́ tó fi ṣù jọ, wóró wóró, bíi gààrí tómi ò tó. Ọláídé ní ṣúgà tín-tìn-tín wà lára ẹ̀jẹ̀ wa, bí ìlẹ̀kẹ̀ lára aṣọ, pé nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ akàn máa ń gbá a mú bí akàn ṣe ń gbá ìka mú. Ṣúgà ibi tí jẹjẹrẹ wà kì í rí bíi ti ibi tí kò sí, àwọn onímọ̀ sì ń wò ó bóyá irú nǹkan yìí á lè bá wọn dá a mọ̀ lọ́jọ́ kan. Èwo nínú àwọn ṣúgà náà ni ti akàn Òjó ń gbá mú? Ohun tí Ọláídé ń wá nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń lọ geere. Ní ìkẹrin, ìgò tó wà lọ́wọ́ Àmọ̀kẹ́ fọ́. Àgbà ọjà kì í wá agolo tì: ó mú agolo mílíìkì òfìfo tó máa ń gbà lọ́wọ́ àbókí onítíì ní Ìba láràárọ̀, ó fomi ṣàn án, ó gba ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀. Ọláídé dé, ó da á sínú ìgò tuntun, ó gbé e lọ.

Ọjọ́ kejì ló padà wá tòun ti gíláàsì àti fláàsì, ojú ẹ̀ wú. Ẹ̀jẹ̀ ò ṣù. Ọ̀túnla ni olùkọ́ ẹ̀ fẹ́ wo iṣẹ́ náà, ó ní bí kò bá rí nǹkan kan, kó lọ máa fi akàn Àgbádárìgì ṣe é.

“Màmá, ẹ má bínú. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òkú akàn lẹ fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀.”

Fàúsátù bú sẹ́rìn-ín. Ogún ọdún tí Àmọ̀kẹ́ ti ń tajà, ẹnikẹ́ni ò pe akàn ẹ̀ lókùú rí.

“Gbé gíláàsì ẹ kalẹ̀,” ló wí.

Ó fa akàn kan yọ, ó gé ẹsẹ̀ ẹ̀, ó kán an tààrà sórí ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó wà lórí gíláàsì. Ó ṣù. Ó gba ti akàn yẹn kan náà sínú agolo mílíìkì tó gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kán ìyẹn. Kò ṣù. Àmọ̀kẹ́ gbóòórùn agolo.

“Ọláídé, ṣé mílíìkì ní ṣúgà ni?”

Ọmọ náà jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ edé. Ó ní mílíìkì ní ṣúgà tiẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ìyẹn ló ti kún ọwọ́ nǹkan inú ẹ̀jẹ̀ akàn, tí kò fi ráyè gbá ẹ̀jẹ̀ èèyàn mú. Wọ́n tọrọ hóró ṣúgà kan lára èyí tí Fàúsátù fẹ́ fi mu gààrí, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n dà á mọ́ ẹ̀jẹ̀ akàn, wọ́n fi dánwò. Ẹ̀jẹ̀ ṣù bó ṣe máa ń ṣù. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, títí Fàúsátù fi ní kí akàn má jẹ ṣúgà òun tán. Ti mílíìkì nìkan ló ń dí i lọ́wọ́.

Ọláídé kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ òkú akàn. Àgbádárìgì ti bọ́ sẹ́yìn. Ó ti ń sáré lọ wọkọ̀ nígbà tí Àmọ̀kẹ́ pè é padà, akàn kan lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń wo ojú akàn náà bí ẹni ń wo àlejò.

“Bi olùkọ́ ẹ wò fún mi o. Akàn tí kò mu ọmú rí, ibo ló ti mọ ṣúgà mílíìkì?”