Agolo Tí Mo Fi Ń Pe Àbúrò Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin tó ń yẹ ọmọ-ọmọ mi wò fi ìka rẹ̀ kan agolo lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà yóò bojú wẹ̀yìn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe máa ń pe Àlàbí, àbúrò mi, nígbà tí a wà lọ́mọdé nílùú Lálúpọn. Tí ènìyàn bá pariwo orúkọ rẹ̀ dalẹ́, kò ní wojú onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti kan agolo mílíìkì mi lẹ́ẹ̀mẹta, á fi èkùrọ́ tó ń tò sílẹ̀, á tẹ̀ lé mi. Kì í sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ọsibítù ní kò dití. Ni Bàámi bá mú wa lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń tọ́jú wèrè, wọ́n ní yóò mú un sọ̀rọ̀.

Òórùn àgbo àti ìtọ̀ ń ti inú yàrá náà jáde. Àlàbí kọ̀, kò wọlé.

"Kan agolo rẹ," Bàámi wí. "A ò ní pẹ́, gbogbo wa la jọ ń lọ sílé."

Mo wọlé, mo kan án. Ó tẹ̀ lé mi. Baba náà fà mí jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Bàámi, ẹ ní a jọ ń lọ!"

Bàámi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fà mí lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo tó tipasẹ̀ ọmọ-ọmọ mi mọ̀ pé ọ́tísìmù, ipò tí kì í jẹ́ kí ọmọ tètè sọ̀rọ̀ tàbí wojú ènìyàn, ni wọ́n ń pe ohun tó ṣe Àlàbí.

Lọ́jọ́ náà, a ti ń lọ nígbà tí mo gbọ́ ìró ìkànkùn láti inú yàrá náà: ẹ̀ẹ̀mẹta. Àlàbí ò pe ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

Mo gbé agolo sókè kí n dá a lóhùn. Bàámi gbà á lọ́wọ́ mi.