Ẹkún Ìyàwó tí Mo Kọ fún Tíṣà Mi

Mo kórìíra tíṣà mi. Kì í ṣe ìkórìíra ọmọdé tí wọ́n nà, tó sì gbàgbé lọ́jọ́ kejì. Mo gbé e dé yunifásítì, mo gba oyè tán, mo sì tún gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wálé sí Ọ̀fà fún ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé ènìyàn burúkú ni mí.

Ìyá mi ló ń kọ́ àwọn ọmọge àdúgbò wa ní ẹkún ìyàwó, ewì tí ọmọbìnrin fi ń dágbére fún ilé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń bó ànàmọ́. Bí ọmọge bá ké ìlà kan tán, ìyá mi á dá ọ̀bẹ dúró, á bi í pé, "Ta ni èyí ń bá wí?" Bí kò bá lè dáhùn, a jẹ́ pé kò tíì gbọ́ ewì náà, ẹnu lásán ló fi mọ̀ ọ́n. A kì í dárúkọ nínú ẹkún ìyàwó. Ìyàwó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ ọ, ó sì lè bú ẹni tó jẹ ẹ́ níyà, láti agboolé dé agboolé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá bá kò gbọdọ̀ bínú, kò sì gbọdọ̀ bú u padà.

Ìbéèrè ìyá mi yẹn ni mo gbé lọ sí kíláàsì. Òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba nígbà náà, mo sì wà ní Sítándáàdì Síìsì. Tíṣà kọ ewì òyìnbó kan nípa odò sára bọ́ọ̀dù, ó ní kí á sọ ohun tí a rí nínú rẹ̀. Mo nàwọ́ sókè.

"Sà, ta ni ewì yìí ń bá wí?"

Ó wò mí títí. "Ta ló kọ́ ọ ní ìbéèrè yẹn?"

"Ìyá mi ni, Sà."

"Ìyá rẹ tó ń kọ́ àwọn ọmọge ní ẹkún?" Ó kọjú sí kíláàsì. "Ẹ dìde, ẹ kí ọmọ ọ̀gá àgbà tuntun!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó yá gèlè lórí ọmọbìnrin kan, ó wé e fún èmi ọmọkùnrin, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n sun ẹkún ìyàwó fún wọn. Mo sunkún, àmọ́ ẹkún gidi ni, kì í ṣe ewì. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Ìyàwó. Àwọn tó ń ta ẹ̀pà ní ibùdó rélùwéè pàápàá ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ti ara mi kò dùn mí tó ti ìyá mi. Mi ò sọ fún un. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá gbọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tijú iṣẹ́ rẹ̀, yóò wá di pé èmi ni mo mú ìtìjú náà wọlé.

Kí n tó wálé fún ìgbéyàwó yìí, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti dé Ọ̀fà gbẹ̀yìn, lẹ́tà nìkan ni mo ń kọ sí ìyá mi. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo yà sí igun tí àmù omi wa máa ń wà, mi ò bá a. Mo pariwo pé, "Níbo ni àmù wà?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Bùọ̀dá, ó ti pẹ́ tí a ti gbé e lọ sábẹ́ máńgòrò! Àlejò pàápàá mọ̀ ọ́n." Àwọn ìyàwó ilé gbọ́, wọ́n sọ ọ́ di orin.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ìlà mẹ́rin tí àbúrò mi yóò fi kún ẹkún ìyàwó rẹ̀. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀nà lásán ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa, ìyàwó kò sì ní ṣàì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo àdúgbò rí ojú rẹ̀ nígbà tí kò bá lè fèsì. Mo kọ́kọ́ fi gèlè sínú ewì náà, ẹ̀rù bà mí pé ìyá mi yóò bi mí, mo yọ ọ́. Mo wá fi ewì náà fún àbúrò mi.

Ó kà á. "Ta ni èyí ń bá wí?" Ọmọ ìyá mi ni lóòótọ́.

"Tíṣà tó wà níwájú ilé wa."

Ó tún ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà, ó ká ìwé náà. "Ó dáa. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ o."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èrò tẹ̀ lé ìyàwó dé iwájú ilé Tíṣà. Ó jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti awò ojú. Mo dúró síbi tí mo ti lè rí i dáadáa. Àbúrò mi ké e:

Ó kàwé kàwé, kò ka ojú ìyá;
Ó mọ orísun odò òkèèrè,
Kò mọ ìdí àmù ilé.
Ọlọ́gbọ́n tí kò mọ ilé, àlejò ni.

Tíṣà bọ́ awò, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Ọmọ mi, tún un ké." Ó tún un ké. Tíṣà kò bínú. Ó kọjú sí àwọn èèyàn bí ẹni pé ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ewì dáadáa nìyí. Ta ni ó wá ń bá wí? Èmi ò tíì ré Ìlọrin kọjá rí. Odò òkèèrè wo ni mo mọ̀? Ti àmù ńkọ́? Gbogbo Sátidé ni mò ń mu omi níbẹ̀, bí mo bá lọ ka lẹ́tà fún ìyá wọn."

Obìnrin ilé wa kan sín mi jẹ, ó kígbe láti ẹ̀yìn: "Níbo ni àmù wà?"

Ẹ̀rín bẹ́. Gbogbo ojú yí sí mi, títí kan ti àwọn ará ilé ọkọ. Mo gbọ́ ewì mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ìlà kọ̀ọ̀kan ń já lé mi lórí. Ìbínú mi kò sì dín kù. Ó pọ̀ sí i ni.

Nígbà tí wọ́n mú ìyàwó lọ tán, mo bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé. "Màámi, òun ló ń ka lẹ́tà mi fún yín?"

"Ta lo rò pé ó ń kà á? Ewúrẹ́?"

"Ẹ ò mọ ohun tó ṣe fún mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì ni ọmọ tó ni gèlè ti wá sọ fún mi."

"Ẹ sì ń fún un lómi mu?"

"Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́tà ọmọ mi." Ó mú ànàmọ́ mìíràn. "Bó bá ka ìlà kan, mo ní kí ó dúró. Mo ní, 'Tíṣà, ta ni èyí ń bá wí?' Mi ò jẹ́ kó lọ síwájú títí yóò fi dáhùn. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè gbà á ní Sátidé mẹ́rin. Báwo lo ṣe rò pé ó ṣe mọ ẹni tí ewì rẹ ń bá wí?"

Mo jókòó. Inú mi dùn, ojú sì tì mí pé ó dùn.

Ní Sátidé, Tíṣà dé. Ìyá mi ní kí n bu omi fún un. Mo lọ sábẹ́ máńgòrò, mo bù ú, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mi ò dọ̀bálẹ̀.

Ó mu díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ṣé, Ìyàwó."

Ìyá mi dá ọ̀bẹ dúró. "Tíṣà, ta ni ìyẹn ń bá wí?"

Ó gbé ife sílẹ̀. Ó dìde dúró bí ọmọ kíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò kúrò níbẹ̀. Mo fa àpótí kan mọ́ra, mo jókòó, mo ń dúró de ìdáhùn rẹ̀.