Ìrẹsì Ìṣínu Tí Mo Jẹ Kí N Tó Mọ Ẹni Tó Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ààwẹ̀ tó kọjá. Ìrẹsì ló fà á. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tí mo di lọ́yà. Ọ́fíìsì ọ̀gá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Ìlọrin, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo sì ń gbé ní àdúgbò Basin. Owó oṣù mi kò ju kí n fi wọ bọ́ọ̀sì lọ, ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ń pè mí ní "lọ́yà mi" lójú àwọn aládùúgbò, ẹ ó rò pé èmi ni mo ni kóòtù.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti kóòtù dé, ó ti rẹ̀ mí, ọ̀fun mi gbẹ. Mo bá ìrẹsì àti adìẹ nílé. Kí ni mo tún fẹ́ bèèrè? Mo fi dàbínù ṣínu, mo jẹ abọ́ kan, mo bu èkejì. Ìgbà tí mo jẹ èkejì tán ni ìyá mi ní kí n má gbàgbé láti pe Alhaji Jímọ̀ kí n dúpẹ́, pé òun ló kó àpò ìrẹsì, òróró àti dàbínù ránṣẹ́ sí ìyá lọ́yà.

Alhaji Jímọ̀! Èmi àti Alhaji yìí la jọ wà ní kóòtù! Mò ń gba ẹjọ́ rò fún opó kan ní Òkè-Oyì tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sàfú. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú ni Alhaji, ó sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí oko iṣu tí ọkọ náà fi sílẹ̀. Oko yẹn ni màmá náà ń jẹ. Iṣu ibẹ̀ ló ń tà létí títì. Ọjọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀ ni a fẹ́ bẹ adájọ́ pé kó dá Alhaji dúró ná títí ẹjọ́ yóò fi parí. Bí n kò bá yọjú lọ́jọ́ náà, ilé yóò ti dé orí oko kí a tó tún pé jọ.

Mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí a kó ẹrù náà padà. Èwo là ń kó padà? Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí, oúnjẹ ìṣínu kì í sùn nílé. Ó ti bù fún àfáà tó ń ṣíwájú wọn nírun àṣámù lálẹ́ ààwẹ̀, ó ti bù fún àwọn opó àdúgbò, ó ti bù fún àwọn ọmọ kéwú. Gbogbo wọn ló ti ṣàdúà fún Alhaji.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji fúnra rẹ̀ pè mí. Kò kọ́kọ́ dárúkọ ẹjọ́. Ó kí mi kú ààwẹ̀, ó ṣàdúà fún mi títí àmín fi sú mi í ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá ní ènìyàn kì í ṣe igi, pé bí ara mi kò bá yá ní Àlàmísì, kò sẹ́ni tí yóò dá mi lẹ́bi. Ó ní àwọn ti rí akọ̀wé kóòtù, fáìlì lè pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ó ní èmi nìkan ló kù, àwa méjèèjì sì ti jọ jẹun.

Mo ní mo ti gbọ́. N kò sọ pé rárá. Ẹ̀rù ló bà mí, kí n má parọ́ fún yín.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà jẹ́ lọ́yà ní kí ló ń dà mí láàmú? Kí n lọ ṣe ẹjọ́ mi ní Àlàmísì, kí n sì pa ẹnu mọ́ lórí ìrẹsì. Ohun tó bá ti kọjá ọ̀fun, ó ti lọ. Ìmọ̀ràn yẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, Alhaji ti mú mi nìyẹn. Ọjọ́ tó bá wù ú, ó lè lọ sọ ní Òkè-Oyì pé ọwọ́ òun ni lọ́yà Ìyá Sàfú ti ń jẹun.

Mo wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó bínú sí mi gan-an! Ta ló ń dá sàárà padà nínú ààwẹ̀? Ṣé mo fẹ́ kí òun lọ gba ìrẹsì lẹ́nu àfáà ni? Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní ohun téèyàn bá jẹ láìmọ̀, Ọlọ́hun a máa forí jì í, ṣùgbọ́n téèyàn bá ti mọ̀ tó sì bò ó mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ó mú owó tó fẹ́ fi rán aṣọ ìtúnu, ó fi ra irú ẹrù kan náà, ó sì gbé e lọ sílé Alhaji fúnra rẹ̀. Ó kí i dáadáa, ó ṣàdúà fún un, ó ní kó fi ta ẹni tí kò ní ẹjọ́ lọ́rẹ.

Tèmi ló wá le jù. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi, ó ní ẹni tó ni ẹjọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́, bó bá sì fẹ́ wá lọ́yà mìíràn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkè-Oyì. Mo bá Ìyá Sàfú níbi tó ti ń to iṣu, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń to iṣu rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo parí, ó wò mí.

"Ìwọ náà jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́, màmá."

"Ó dùn?"

Kí ni kí n wí? Mo ní ó dùn.

Ó ní òun yóò bá àwọn ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀, kí n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú tì mí dé ilé. N kò mọ̀ bóyá èmi ṣì ni lọ́yà rẹ̀.

Nígbà tí Àlàmísì pé, mo tètè dé kóòtù. Òótọ́ ni, akọ̀wé ní òun kò rí fáìlì. Adájọ́ wò ó, ó ní kó lọ wá a dáadáa, pé òun kò ní dìde kó tó dé. Kò pẹ́ rárá tí fáìlì fi jáde. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Ìyá Sàfú àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi. Adájọ́ bèèrè ẹni tó ń gba ẹjọ́ rò fún màmá. Mo dìde, mo ní èmi ni, bí màmá bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́yà wo ló ń sọ irú ìyẹn ní kóòtù? Adájọ́ yíjú sí màmá. Màmá dìde.

"Òun náà ni, Olúwa mi. Ó jẹ ìrẹsì wọn, ó sì wá bá mi ní Òkè-Oyì wá sọ fún mi pé ó dùn. Ta ni mo tún fẹ́ wá tó máa sọ òótọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀?"

Adájọ́ bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ní ìrẹsì wo? Mo sì rò ó níbẹ̀, lójú Alhaji, lójú akọ̀wé. Bàtà rẹ̀ ni Alhaji ń wò.

Adájọ́ pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oko náà títí ẹjọ́ yóò fi parí, ó sì ní kí akọ̀wé wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹjọ́ kò tíì parí o. Ṣùgbọ́n Lọ́yà Onírẹsì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí báyìí, kò sì dùn mí.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹnì kan ni yóò na rìbá sí mi, tí èmi yóò ní rárá, tí ó tán. Kò sẹ́ni tó na nǹkan kan sí mi. Inú ìkòkò ìyá mi ló gbà wọlé, orúkọ sàárà ló sì ń jẹ́. Ìgbà tí mo ti jẹ ẹ́ yó ni òótọ́ ṣíṣe tó bẹ̀rẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú rẹ̀ ti wọlé yín rí? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ síbí fún wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ tiyín tán kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ má sá o, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ gbọ́ jù.