Ẹ Fi Ìyá Sílẹ̀

Ọ̀ṣuntóyìn ará Igana lẹ́bàá Pobè kì í ṣe ẹni tí ayé ń pa ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ó pa á. Ó ń gbin gbágùúdá, ó ń hun ẹní, ó sì ní ọ̀gọ̀dọ̀ kan lẹ́yìn ilé. Òṣíbàtà ló kún inú ọ̀gọ̀dọ̀ náà, òdòdó rẹ̀ funfun bí òwú. Félicité, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀ṣuntóyìn bí, ló hú u bọ̀ láti odò nígbà tó wà ní ọmọge, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì í sínú ẹrẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni Félicité kú sí, tòun ti ọmọ inú rẹ̀. Kò sí fọ́tò, kò sí ọmọ-ọmọ. Òṣíbàtà yìí nìkan ló kù tí ọwọ́ rẹ̀ kàn.

Àwọn tí kò mọ̀ rò pé ẹwà nìkan ni òṣíbàtà wà fún. Irọ́ ni. Bí omi bá fà, Ọ̀ṣuntóyìn á wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀, á máa fi ẹsẹ̀ wá iṣu rẹ̀. Èyí tó tóbi, tó dúdú, ìyá nìyẹn. Àwọn kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ọmọ nìyẹn. Ọmọ là ń jẹ. Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ ìyá padà sínú ẹrẹ̀, nítorí òun ló máa hù lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí òmìnira pé ọdún mẹ́ta, Pierre, oníṣòwò kan ní Pobè, fi sìmẹ́ǹtì ṣe kòtò omi síwájú ilé rẹ̀ tuntun. Ó fẹ́ kí òdòdó léfòó nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àjọyọ̀ tí wọ́n ń pè ní fẹ́ẹ̀tì. Ó wá fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ. Ọ̀ṣuntóyìn ní kò burú, kí wọ́n wá mú díẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ Pierre dé, ibà ti dá Ọ̀ṣuntóyìn dùbúlẹ̀. Ó ké sí Súbérù, ọlọ́bì tó ń gbé ilé kejì, ó ní kó bá òun jíṣẹ́.

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìyá sílẹ̀."

Súbérù tí kò ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀gọ̀dọ̀ rí láyé! Ohun tó yé e ni pé Ọ̀ṣuntóyìn fúnra rẹ̀ ni ìyá, pé ara rẹ̀ ò yá, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jíṣẹ́. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì ṣe bí ọmọlúwàbí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé díẹ̀ ni, wọ́n hú gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n gé àwọn iṣu dúdú ńláńlá kúrò nídìí ewé kí ẹrù lè fúyẹ́, wọ́n sun ún jẹ. Wọ́n tún bu ti aláìsàn sílẹ̀.

Wọ́n ti bó o, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́ kí Súbérù tó gbé e wọlé fún un nínú ewé. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọ̀ṣuntóyìn kò ti jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ṣàdúrà fún àwọn ọmọ náà.

Nígbà tí ara rẹ̀ le, ó wọ ọ̀gọ̀dọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wá ìhín, ó wá ọ̀hún. Ẹrẹ̀ lásán. Ó bi Súbérù léèrè ohun tó sọ fún wọn. Súbérù rò ó, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ibi tó ti ń rò ó ló ti yé Ọ̀ṣuntóyìn, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

Ó fẹsẹ̀ rin dé Pobè, bóyá òun á rí ẹyọ kan gbà padà. Sìmẹ́ǹtì tuntun ti pa gbogbo rẹ̀, wọ́n ti kó o dànù lẹ́yìn fẹ́ẹ̀tì. Ojú ti Pierre. Ó ní òun á rán ènìyàn lọ wá òṣíbàtà mìíràn lódò, ṣebí ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji àwọn tó jẹ ẹ́.

Ọ̀ṣuntóyìn ní, "Ta ni mo fẹ́ bá jà? Félicité ló gbìn ín. Èmi náà wà nínú àwọn tó jẹ ẹ́ tán, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́nu."